Òpin ọ̀sẹ̀ kan ní etíkun Áyálándì láìní mọ́tò: ibo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ forí lé?

Tọ́pẹ́_Akẹ́kọ̀ọ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Dublin ni mo wà fún másítà, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni, káàdì IRP mi, ìyẹn káàdì ìgbélùú, sì ti wà lọ́wọ́. Àyè tí mo ní kò ju ìrọ̀lẹ́ Fráídè sí alẹ́ Sọ́ńdè lọ, láàárín oṣù Kẹwàá. Mi ò ní mọ́tò, mi ò sì ní ìwé ìwakọ̀ ibí. Gbogbo owó tí mo lè ná kò gbọdọ̀ ju 180 yúrò lọ, owó ibùsùn wà nínú rẹ̀. Ibi tí mo kọ sílẹ̀ ni àpáta Moher, erékùṣù Aran, Giant's Causeway àti Howth. Ṣé ọjọ́ méjì lè gba gbogbo wọn? Bí kò bá lè gbà wọ́n, èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọkọ̀ tí mo máa wọ̀ àti ohun tó lè bà á jẹ́ lọ́nà.

ỌmọGalway kọ:

Àbúrò, kò lè gbà wọ́n. Wo máàpù: Giant's Causeway wà ní Antrim, lókè téńté ní àríwá, Moher wà ní Clare ní ìwọ̀-oòrùn. Ojú ọ̀nà lo máa wà látàárọ̀ dalẹ́ bí o bá fẹ́ fi bọ́ọ̀sì so méjèèjì pọ̀. Etíkun ìwọ̀-oòrùn nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní Wild Atlantic Way, jẹ́ 2,500 kìlómítà láti Donegal títí dé Kinsale ní Cork. Ẹni tó ní ọjọ́ méjì, ibì kan ló máa mú, á sì rí i dáadáa.

Galway ni kí o fi ṣe ibùdó. Wọ bọ́ọ̀sì ní Dublin ní ìrọ̀lẹ́ Fráídè, bíi wákàtí méjì àbọ̀ ni. Sun ibẹ̀ ní Fráídè àti Sátidé. Fi Sátidé ṣe Inis Mór, èyí tó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù Aran, fi Sọ́ńdè ṣe Moher.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń yí i padà, wọ́n á ní kí Moher ṣíwájú torí pé òun ló lókìkí. Ìdí tí mo fi ní kí erékùṣù ṣíwájú ni pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn débẹ̀, òkun ibẹ̀ kì í sì gba ẹ̀bẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Bí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kò bá lè gbéra nítorí ìgbì, erékùṣù lo máa sùn sí. Bó bá jẹ́ Sátidé, o ṣì ní Sọ́ńdè láti fi padà. Bó bá jẹ́ Sọ́ńdè, kíláàsì Mọ́ńdè ti lọ nìyẹn. Ìbàjẹ́ tó sì lè dé bá ìrìn Moher kò jù pé kí ìkùukùu bo ojú àpáta lọ, bọ́ọ̀sì á ṣì gbé ọ padà sílé.

Tọ́pẹ́_Akẹ́kọ̀ọ́ kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Báwo ni mo ṣe máa dé orí erékùṣù gan-an? Kí ni mo sì máa fi wákàtí tó wà níbẹ̀ ṣe?

ỌmọGalway kọ:

Ọkọ̀ ojú omi kì í gbéra láti àárín Galway ní àsìkò yẹn. Rossaveel ló ti ń gbéra, bíi wákàtí kan sí ìlú lápá ìwọ̀-oòrùn. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó ń gbé èrò láti Galway lọ bá ọkọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì yìí kì í sí nínú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa fi kún un nígbà tí o bá ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá mọ èyí á dé Rossaveel nínú tasí olówó gọbọi, tàbí kó má dé e rárá. Ọkọ̀ òwúrọ̀ sábà máa ń gbéra ní aago mẹ́wàá àbọ̀, ìrìn orí omi sì jẹ́ nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Kí o ti wà nídìí bọ́ọ̀sì yẹn kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Wo aago ìpadàbọ̀ kí o tó sanwó, torí pé ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ máa ń dín kù lẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án.

Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní Kilronan, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń háyà lẹ́bàá èbúté. Má sanwó kí o tó dán an wò. Fún bíréèkì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, fi àtàǹpàkò tẹ táyà bóyá ó kún, yí ìdè ìjókòó kí ẹsẹ̀ rẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán bí o bá tẹ pẹ́dàlì dé ìsàlẹ̀. Iyọ̀ òkun máa ń jẹ ṣéènì àti wáyà bíréèkì, nítorí náà kẹ̀kẹ́ tó dán lójú lè má dáa nídìí.

Ọ̀nà méjì ló lọ sí ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà. Èyí tó gba òkè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ púpọ̀. Èyí tó gba etí omi ní ìsàlẹ̀ tẹ́jú jù, ibẹ̀ náà ni èèyàn ti lè rí ẹran omi tí wọ́n ń pè ní seal lórí àpáta. Gba ìsàlẹ̀ lọ. Bíi kìlómítà méje ni títí dé Kilmurvey, ibẹ̀ lo máa fi kẹ̀kẹ́ sí. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lo máa fi gun òkè olókúta lọ sí Dún Aonghasa, odi àtayébáyé tí wọ́n fi òkúta lásán mọ láìsí àmọ̀ láàárín wọn, lórí àpáta tó tó nǹkan bí 100 mítà sókè omi. Wo àwọn òkúta ṣóńṣó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yí odi náà ká: wọ́n tò wọ́n bẹ́ẹ̀ kí ọ̀tá tó bá ń sáré bọ̀ má lè rọ́nà gbà. Kò sí irin ìdábùú kankan létí àpáta níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìsàlẹ̀, kó dùbúlẹ̀ sórí ikùn, kó rákò débẹ̀. Àwọn tó mọ ibẹ̀ kì í dúró létí rẹ̀.

Poll na bPéist náà wà nítòsí, ihò onígun mẹ́rin tí òkun fúnra rẹ̀ gbẹ́ sínú àpáta, ó gún bí ẹni pé ènìyàn ló fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí òkun bá ń ru tàbí tí omi ń kún, fi í sílẹ̀. Ìgbì máa ń gun orí àpáta tó yọ̀ yẹn láìròtẹ́lẹ̀.

Àǹtí Yẹ́misí kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin ará Galway, ẹ kì í rántí pé Dublin náà wà létíkun. Tọ́pẹ́, bí owó bá ń ká ọ lọ́wọ́ kò, DART, ọkọ̀ ojú irin etíkun Dublin, nìkan lè ṣe òpin ọ̀sẹ̀ rẹ. Owó ìrìn 90 ìṣẹ́jú fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní káàdì Leap tirẹ̀ (káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀) jẹ́ yúrò kan péré, ó sì gbé ọ dé Howth. Láti ibùdókọ̀ Connolly ní àárín Dublin débẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ. Ka orúkọ tó wà lójú ọkọ̀ kí o tó wọlé, torí pé ojú irin pínyà ní Howth Junction, èkejì ń lọ sí Malahide.

Bí o bá jáde ní ibùdókọ̀ Howth, yà sí òsì, máa tẹ̀ lé èbúté títí tí o fi máa gun Balscadden Road. Níbi tí ọ̀nà mọ́tò bá parí ni ipa ẹsẹ̀ orí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Ọfà aláwọ̀ ewé ni kí o máa tẹ̀ lé, bíi kìlómítà mẹ́fà ni àyípo rẹ̀, wákàtí méjì fún ẹni tó ń dúró ya fọ́tò. Níwájú ni wàá ti rí ilé iná Baily lórí ṣóńṣó ilẹ̀ tó wọ inú òkun lọ. Láti 1814 ló ti wà níbẹ̀. Ibi tí ipa ẹsẹ̀ ti fún jù ni ibi tí koríko ti bo etí rẹ̀: ó dà bí ilẹ̀ líle, kò sì sí nǹkankan lábẹ́ rẹ̀. Apá tó sún mọ́ òkè ni kí o máa rìn, kí ẹni tó ń bọ̀ níwájú gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọjọ́ kejì, gbé DART lọ sí gúúsù. Jókòó sí apá òsì. Ojú irin tí Dublin fi bẹ̀rẹ̀ ní 1834 ni ọkọ̀ yẹn ń tọ̀ dé Dún Laoghaire, etí omi gan-an ló sì gbà. Sọ̀ ní Dún Laoghaire, rin èbúté ìlà-oòrùn dé ìparí rẹ̀, ó jẹ́ 1.3 kìlómítà ní àlọ nìkan. Máa rìn lọ sí Sandycove, kí o wá wọ ọkọ̀ lọ sí Killiney tàbí Bray.

Ní ti Bray: gbogbo ìwé atọ́nà àtijọ́ ló ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ kìlómítà méje láti Bray lọ sí Greystones. Wọ́n tì í ní 2021 nítorí ilẹ̀ tó ya. Wo ojú òpó ìjọba ìbílẹ̀ Wicklow kí o tó fọkàn sí i, má sì fo géètì. Orí òkè Bray Head níbi tí àgbélébùú wà lo lè gùn dípò rẹ̀. Ó ga tó 241 mítà, òkun àti àwọn òkè Wicklow sì hàn láti ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tọ́pẹ́_Akẹ́kọ̀ọ́ kọ:

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Howth sún mọ́lé tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn kíláàsì, ẹ jẹ́ kí n fi í pamọ́. Moher àti Inis Mór ló wù mí jù. Ṣùgbọ́n Giant's Causeway ń dùn mí. Àwọn kan ní kíláàsì sọ pé bọ́ọ̀sì kan wà tó ń gbé èèyàn lọ láti Dublin láàárọ̀, tó ń gbé e padà lálẹ́, pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìwé lọ́nà. Òótọ́ ni?

ÌwéÌrìnnà kọ:

Tọ́pẹ́, jọ̀ọ́ dúró gbọ́ èyí dáadáa. Àríwá Áyálándì jẹ́ ara ìlú Ọba. Físà Áyálándì tàbí káàdì IRP kò fún ọmọ Nàìjíríà láṣẹ láti wọ ibẹ̀, ì báà ṣe wákàtí mẹ́ta péré lo fẹ́ lò. Físà ìlú Ọba lo nílò. Ètò físà àjùmọ̀lò tó wà láàárín ìjọba méjèèjì, ọmọ Ṣáínà àti ọmọ Íńdíà nìkan ló wà fún. Má sì lọ sanwó fún ETA, àṣẹ ìwọlé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ìlú Ọba, torí pé àwọn tí kò nílò físà ni wọ́n ṣe é fún.

Òótọ́ ni pé kò sí géètì lójú ọ̀nà Dublin sí Belfast. Àìsí géètì kò pa òfin rẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-jáde máa ń dá bọ́ọ̀sì dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjèèjì, ìwé ni wọ́n á sì béèrè. Ẹni tí wọ́n bá rí láìní físà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á wà nílẹ̀, á sì máa dáhùn ìbéèrè nípa rẹ̀ nínú gbogbo fọ́ọ̀mù físà tó bá kún lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹ. Ìyẹn kò ní gbà ọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé.

Ewu tún wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Bó bá jẹ́ físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi dé, tí kò tíì gba IRP, tó sì lọ sí Belfast, ó ti jáde ní orílẹ̀-èdè yìí nìyẹn, físà rẹ̀ sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ tí o ti ní káàdì, ìyẹn kò kàn ọ́, ṣùgbọ́n sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ibẹ̀ dára o, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Òpó òkúta bíi 40,000 tó tò ti ara wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní igun mẹ́fà, láti inú iná ilẹ̀ tó ṣàn tó sì tutù ní bí àádọ́ta sí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. UNESCO ti fi í sínú ìwé ohun ìní àgbáyé láti 1986. Gba físà àbẹ̀wò, kí o wá lọ ní ìgbà ẹ̀rùn nígbà tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú.

Tọ́pẹ́_Akẹ́kọ̀ọ́ kọ:

Mo ti pa á rẹ́ nínú ìwé mi. Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè kan tún: ọ̀rẹ́ mi kan ń kàwé ní Manchester, ọmọ Nàìjíríà ni òun náà, ó fẹ́ wá bá mi lọ. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Ọba ló ní. Ṣé ó tó?

ÌwéÌrìnnà kọ:

Kò tó. Físà àbẹ̀wò Áyálándì ló máa gbà kó tó kúrò ní Manchester. Wọ́n ń wo ìwé ní pápákọ̀ òfuurufú Dublin bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Ọba ni ọkọ̀ ti gbéra, wọ́n sì ń wò ó fún àwọn tó ń bá ọkọ̀ ojú omi Holyhead wọlé. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni físà náà lè gbà, kò lè bá òpin ọ̀sẹ̀ yín yìí mu.

Ìwọ fúnra rẹ, mú IRP àti káàdì akẹ́kọ̀ọ́ dání lọ sí Galway. Òfin gba agbófinró láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ àlejò, páásípọ́ọ̀tù pẹ̀lú.

BàbáRélùwéè kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Moher kún un, torí pé ibẹ̀ ni owó ti máa ń ṣòfò.

Bọ́ọ̀sì 350 ti Bus Éireann ni ọkọ̀ ẹni tí kò ní mọ́tò. Ó ń gba Kinvara, Ballyvaughan, Lisdoonvarna àti Doolin kó tó dé Moher, lẹ́yìn náà ló ń lọ sí Lahinch àti Ennistymon títí dé Ennis. Bíi wákàtí méjì ni láti Galway. Jókòó sí apá ọ̀tún: bẹ́ẹ bá ti kọjá Ballyvaughan, òkun wà lọ́tùn-ún, òkè òkúta funfun Burren wà lósì. Ìgbà díẹ̀ ló ń lọ lójúmọ́, ti Sọ́ńdè sì yàtọ̀. Ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan lè dúró fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Áàpù TFI Live lo máa fi wo aago ọjọ́ yẹn gan-an, má lo fọ́tò tí ẹnìkan yà ní ìgbà ẹ̀rùn.

Ibùdókọ̀ méjì ló wà ní Galway, wọn kò jìnnà síra, òun ló sì ń da àwọn àlejò láàmú. Ti Bus Éireann wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè lẹ́yìn Eyre Square. Àwọn bọ́ọ̀sì aládàáni tó ń lọ sí Dublin sábà máa ń lo èyí tó wà ní Fairgreen. Ka orúkọ ibùdó lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dáadáa.

Àbá mi ni pé kí o má padà sí Galway mọ́ ní Sọ́ńdè. Gbé ẹrù rẹ kọ́ ẹ̀yìn, lo wákàtí méjì àbọ̀ ní Moher, wọ 350 tó ń bọ̀ lọ sí Ennis. Láti Ennis, ọkọ̀ ojú irin wà lọ sí Limerick, kí o wọ òmíràn ní Limerick sí ibùdókọ̀ Heuston ní Dublin, ó lè jẹ́ pé wàá pààrọ̀ ọkọ̀ ní Limerick Junction. O kò ní tún gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kí 350 pẹ́ dé Ennis kí ọkọ̀ ojú irin sì ti lọ. Fi wákàtí kan gbáko sílẹ̀ láàárín méjèèjì.

ỌmọGalway kọ:

> "má padà sí Galway mọ́ ní Sọ́ńdè"

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Ó dáa fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ní kíláàsì ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo ṣì fẹ́ Galway, torí pé bọ́ọ̀sì Dublin láti Galway pọ̀ débi pé bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn á dé láàárín wákàtí kan. Láti Ennis, bí àsopọ̀ kan bá já, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀.

Ní ti Moher fúnra rẹ̀. Ibi tó ga jù jẹ́ 214 mítà, lẹ́bàá ilé ìṣọ́ O'Brien tí wọ́n kọ́ ní 1835. Bí o bá ti kúrò ní ilé àlejò, yà sí ọ̀tún lọ sí ilé ìṣọ́ yẹn kọ́kọ́, kí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá láti Dublin tó dé. Lẹ́yìn náà kí o padà gba òsì. Apá òsì yẹn náà dára láti ya fọ́tò àpáta. Lọ́sàn-án, oòrùn ti yí sí ìwọ̀-oòrùn, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń bọ́ sójú àpáta. Láàárọ̀, òjìji ló máa ń bò ó.

Ra tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye rẹ̀ máa ń yàtọ̀ sí wákàtí tí o bá mú, ti akẹ́kọ̀ọ́ sì wà. Má retí ẹyẹ puffin, oṣù Kẹrin sí oṣù Keje ni ìgbà tiwọn níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ Doolin. Wàá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí èèyàn sọ̀ ní Doolin kó fi ẹsẹ̀ rin etí àpáta dé Moher. Ní 2024, wọ́n ti àwọn apá kan nínú ọ̀nà yẹn nítorí ikú tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí pátákó bá sọ pé ó tì, padà sẹ́yìn. Àpáta náà jẹ́ ìpele-ìpele: òkúta líle lókè, òkúta rírọ̀ tó ń rún lábẹ́ rẹ̀. Ìgbì àti òjò ń jẹ ìsàlẹ̀ kúrò, ti òkè á ṣẹ́kù gbalaja sínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú koríko tútù lórí rẹ̀. Ẹni tó dúró síbẹ̀ kò lè mọ̀ pé òfìfo ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi to pẹlẹbẹ òkúta bí ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ilé àlejò. Inú ògiri ni kí o wà, fọ́tò yòówù kí ẹlòmíràn fẹ́ yà.

Adéọlá_Cork kọ:

Bí ojú ọjọ́ ìwọ̀-oòrùn bá bàjẹ́ pátápátá, ẹ má gbàgbé Cobh, ìlú èbúté lẹ́bàá Cork. Heuston sí Cork kò tó wákàtí mẹ́ta, láti ibùdókọ̀ Kent ní Cork tún wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré sí Cobh, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Inú èbúté tó fara pamọ́ ni ìlú náà wà, ìjì kì í dà á láàmú bíi Clare. Ibẹ̀ ni Titanic dúró kẹ́yìn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1912, èrò 123 ló sì wọlé níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà ṣì wà, ilé àfihàn ló ti di báyìí. Èèyàn lè fi òjò wo èyí tó pọ̀ jù ní Cobh.

Àǹtí Yẹ́misí kọ:

Tọ́pẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aṣọ, torí pé òun ló ń lé àwọn ọmọ wa padà sínú ilé kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Fi agboòjò sílẹ̀ sílé. Afẹ́fẹ́ Moher á yí i padà láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì lè fa ẹni tó dì í mú síbi tí kò fẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í wọ̀, tó ní fìlà tí okùn ń so mọ́rí, lo nílò, pẹ̀lú súwẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lábẹ́ rẹ̀ dípò ẹyọ kan tó nípọn, kí o lè bọ́ ọ̀kan bí o bá ń gun kẹ̀kẹ́. Má wọ ṣòkòtò jíǹsì. Bó bá tutù, kò ní gbẹ títí alẹ́, òtútù á sì máa wọ eegun. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni. Mú ìbọ̀sẹ̀ mìíràn sínú ọ̀rá.

Fún oúnjẹ, ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì ní ilé ìdáná. Mú ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata díndín nínú ike tó dé dáadáa, kí o gbóná rẹ̀ lálẹ́ Fráídè. Búrẹ́dì, ẹyin sísè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sán. Lórí erékùṣù, ilé oúnjẹ tó ṣí nínú oṣù Kẹwàá kò pọ̀.

Bí ọkọ̀ ojú omi bá máa ń kọ́ ọ lóyì, lo oògùn rẹ̀ ní wákàtí kan kó tó gbéra, kì í ṣe nígbà tí èébì ti ń gbé ọ. Jókòó sí àárín tàbí ìdí ọkọ̀, kí o tẹjú mọ́ ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run. Má wo fóònù.

Fi 112 sọ́kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú tàbí tó wọ omi, pè é, kí o ní Coast Guard lo fẹ́. Má bẹ́ wọlé lọ gbà á.

Tọ́pẹ́_Akẹ́kọ̀ọ́ kọ:

Mo ti ṣírò rẹ̀ báyìí: bọ́ọ̀sì Dublin àlọ àti àbọ̀ 30, ibùsùn alẹ́ méjì 70, ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú bọ́ọ̀sì rẹ̀ 40, bọ́ọ̀sì 350 bíi 15, ìwọlé Moher 12. 167 yúrò nìyẹn, kẹ̀kẹ́ kò tíì sí nínú rẹ̀. Ṣé kí n wọ bọ́ọ̀sì ìdájí Sátidé láti Dublin, kí n sun alẹ́ kan péré? Ìgbà wo sì ni kí n ra ti ọkọ̀ ojú omi?

ỌmọGalway kọ:

Má gé alẹ́ Fráídè. Bọ́ọ̀sì ìdájí tó bá pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, bọ́ọ̀sì Rossaveel ti lọ, 40 yúrò ti ṣòfò nítorí 35. Bí o bá fẹ́ dín owó kù, fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré máa ń dúró de èrò ní èbúté Kilronan, wọ́n á gbé ọ dé Kilmurvey, wọ́n á dúró dè ọ́, iye rẹ̀ sì sábà máa ń sún mọ́ ti kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ òjò ni ìyẹn wúlò jù. Tàbí kí o fi ẹsẹ̀ rin àlọ nìkan, wákàtí kan àbọ̀ ni, kí o wọ bọ́ọ̀sì bọ̀. Rí i pé àmì akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọ̀dọ́ wà lórí káàdì Leap rẹ, torí pé ìdajì owó ni wọ́n ń gbà lórí 350, awakọ̀ sì lè ní kí o fi káàdì hàn.

Ibùsùn ni kí o tètè mú. Bí òpin ọ̀sẹ̀ rẹ bá sún lọ bá èyí tó parí oṣù Kẹwàá, Mọ́ńdè rẹ̀ jẹ́ ìsinmi gbogbogbòò, owó bẹ́ẹ̀dì á sì fò sókè.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, dúró di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọkọ̀ kì í kún nínú oṣù Kẹwàá. Ṣí ojú òpó Met Éireann, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ Áyálándì, wo ìkìlọ̀ fún Galway àti Clare, kí o wo ti orí òkun pẹ̀lú, torí pé méjèèjì yàtọ̀. Ìgbì ló ń dá ọkọ̀ dúró, kì í ṣe òjò. Oòrùn lè ràn yòò ní Galway kí ìgbì láti jíjìn sì ti wó lu èbúté Kilronan. Bí ìkìlọ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn tàbí pupa, fi erékùṣù àti Moher sílẹ̀ méjèèjì, kí o lo ọ̀nà rélùwéè tí Adéọlá sọ. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè fún Sátidé nìkan, yí ọjọ́ padà: Moher ní Sátidé. Má lọ sí erékùṣù ní Sọ́ńdè àfi bí òkun bá máa rọlẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rin etíkun Salthill kí o padà sílé.

Tọ́pẹ́_Akẹ́kọ̀ọ́ kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, Àǹtí, Bàbá àti gbogbo yín. Mo ti mú bẹ́ẹ̀dì fún Fráídè àti Sátidé. Ó ku ẹyọ kan: aago mélòó ni kí n fi kúrò ní Moher ní Sọ́ńdè?

BàbáRélùwéè kọ:

Oòrùn á wọ̀ kí aago méje tó lù ní àsìkò yẹn, kò sì ní yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọ 350 tó kọ́kọ́ jáde láàárọ̀. Má dúró de èyí tó kẹ́yìn láti Moher padà sí Galway. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni kí o fojú sí, kí èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ààbò rẹ. Dé ibi ìdúró bọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, torí pé inú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ló wà, ó sì jìnnà díẹ̀ sí etí àpáta. Ti Galway sí Dublin, ra tíkẹ́ẹ̀tì náà láti àárín ọ̀sẹ̀: ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń padà, ìjókòó sì máa ń tán.